Bàbá Jà-jà-jà

Kò sí ẹni tó ń gbé ládùúgbò wọn ní Egan tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí bàbá tó ń jẹ́ Olúbọ̀dé fi orin ọmọdé dá ìjà sílẹ̀. Sùrájù tó ń lẹ táyà àti Olúgbénga aládùúgbò rẹ̀ ló ń fa ọ̀rọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ gọ́tà tí ọ̀kan kó síwájú ilé ìkejì. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ rọlẹ̀. Àfi bí bàbá ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó ki ohun tó fi ń gbọ́ orin bọ etí méjèèjì, tó ń mi orí, tó sì ń pariwo pé: "Jà, jà, jà! Jà, jà, jà!"

"Ṣé o ti gbọ́ ohun tí àgbà sọ?" ni Sùrájù wí, ló bá fọ́ Olúgbénga létí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ránṣẹ́ pe bàbá láti wá sọ tẹnu rẹ̀, ó dìde, ó gbọn agbádá, ó ní: "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi la ìjà ọmọ iléèwé? Bẹ́ẹ̀ ni ni mo ń sọ! Ohun tí jà ń jẹ́ lédè Họ́láǹdì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni alága dá a lóhùn, "Egan la wà ṣá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni, jàre." Ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bàbá Jà-jà-jà.

Látìgbà tí bàbá ti kú, ìyàwó rẹ̀, Màmá Hope, ló máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó bá wá kí i. Ó máa ń rẹ́rìn-ín títí tí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ omijé ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì làwọn méjèèjì. Tíṣà ni bàbá, Òkè-Odò ló ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì le bí igi ìdáná. Bí ọbẹ̀ bá dùn débi tó fi ń lá àwo, á ní, "Kò burú." Bí màmá bá múra ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dán gbinrin, á wò ó látòkè délẹ̀, á ní, "À ń pẹ́." Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, màmá ò gbọ́ ọ rí kó ní ìyàwó òun rẹwà. Ó ń dun màmá, àmọ́ ó ti gba kámú.

Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ Họ́láǹdì ti bẹ̀rẹ̀. Hope, ọmọ wọn kan ṣoṣo, fẹ́ òyìnbó ibẹ̀, ó sì bí Olúwadárasími fún un. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí Hope ráyè, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lọmọ máa ń wà, nítorí náà èdè wọn nìkan ló gbọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn lórí fóònù, ó tẹjú mọ́ bàbá, ó sì kígbe pé, "Opa!"

Bàbá fajú ro. "Hope, kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí tó fi ń pè mí ní ọ̀pá?"

"Bàbá àgbà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá mi. Ìyá àgbà ni Oma."

"Ọmọ kẹ̀?" ni Màmá Hope wí. "Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí?"

"Máa dúpẹ́ ní tìẹ," ni bàbá sọ fún un. "Ìwọ di ọmọ, èmi di igi."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Dárasími rọ́ ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ó kàn ń mi orí ṣáá. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó béèrè nǹkan. Hope ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, àmọ́ bàbá ní dandan kó sọ ọ́.

"Ó ní ṣé Opa ò lè sọ̀rọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lára. Kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa lanu, ó ní: "Ìyá Hope, mà á bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Láìsí ògbufọ̀. Bó le, bó rọ̀."

Ló bá ní kí Hope fi ètò tí Dárasími máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sóun. Obìnrin kan tó wọ aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè ni, òun àti màlúù tí wọ́n fi aṣọ rán, wọn á máa kọrin, wọn á máa jó. Orin kan wà tí wọ́n fi ń lé òjò lọ, èyí tí jà, jà, jà pọ̀ nínú rẹ̀ jù lọ. Bí wọ́n bá ti mú iná dé báyìí, màmá ti pàdánù fíìmù rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, òun náà ń kọ orin lílé òjò nídìí ọbẹ̀ láìmọ̀, á wá bínú síra rẹ̀.

Ohunkóhun tí obìnrin aláṣọ òjò bá ní kí àwọn ọmọ ṣe, bàbá á ṣe é. Wọ́n ní kí wọ́n fò, ó fò, ife já bọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá kí wọn, ó kan ibi tí wọ́n ti ní kí kálukú di imú rẹ̀ mú. Bàbá di imú mú gírí, ó sì tẹjú mọ́ àlejò. Wọ́dìn rọra gbé apá sókè, ó gbóòórùn abíyá rẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà.

Ti Jibril tó ń ta màlúù nítòsí Ìgàndó tún burú ju ìyẹn lọ. Lédè Họ́láǹdì, kú ni màlúù, bú sì ni igbe rẹ̀. Inú bàbá dùn pé òun rí ohun tóun mọ orúkọ rẹ̀, ó na ìka sí màlúù tó sanra jù, ó ń pariwo: "Kú! Kú! Kú!"

"Haba, Baba! Kí ni màlúù mi ṣe fún yín?"

"Mò ń pe orúkọ ẹ̀ ni!"

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, wọ́n ra màlúù yẹn pa fún ìkómọ. Látìgbà náà, bí Jibril bá rí bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, á kó àwọn màlúù rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Ìyá ọkọ Hope pàápàá ò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí. Obìnrin náà gba fóònù kó kí àna rẹ̀, bàbá sì kó gbogbo èdè Họ́láǹdì tó mọ̀ jáde pẹ̀lú ohùn tíṣà: "Ẹ fọ ọwọ́ yín! Ẹ wọ bàtà òjò yín!" Hope ní ìyá ọkọ òun dìde lóòótọ́, ó lọ fọwọ́.

Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ yìí. Kò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé fóònù wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá ń gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Dárasími ń rẹ́rìn-ín. Hope ò sí nídìí rẹ̀. Nígbà tí bàbá jáde, òógùn ti bò ó.

"Ó gbọ́ mi!" ló ń pariwo. "Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́! Ó ní kí n tún un sọ!"

"Kí lẹ sọ fún un, Bàbá Hope?"

"Kò kàn ọ́."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá sùn tí kò jí mọ́.

Hope àti Dárasími wá sìnkú. Lẹ́yìn tí èrò ti túká, ọmọ náà rí àga bàbá ní pálọ̀, ó gun orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn nǹkan fún ìyá àgbà rẹ̀. Hope ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ìtàn tí Opa sọ fún òun ni. Opa kéré. Òjò ń rọ̀. Opa ò ní bàtà òjò. Oma náà kéré. Oma ní ewé ńlá. Oma ní, 'Wá.' Ewé wo nìyẹn, Màmi?"

Màmá Hope gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Lọ́nà iléèwé ní Ìkẹ́rẹ́ ni, ọmọkùnrin kan ń gbọ̀n nínú òjò, òun sì pè é wá sábẹ́ ewé òun. Ìgbà kan wà lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn tí màmá rán ọkọ rẹ̀ létí, ohun tí bàbá sọ ni pé, "Òjò máa ń pọ̀ nígbà yẹn." Màmá ti gbà pé bàbá ti gbàgbé.

"Ṣé ó parí?"

Hope ń túmọ̀ lọ. "Ó ní Oma rẹwà. Ó rẹwà gan-an ni. Òjò fẹ́ dá, Opa wá ń kọrin fún òjò. Ó ní, 'Òjò, má lọ. Òjò, má lọ.'"

Màmá mọ orin yẹn lórí. Wọ́n ń lé òjò lọ nínú rẹ̀ ni, bàbá ló yí i padà. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò lè sọ ọ́ lédè Èkìtì, tí kò lè sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó wá gba ọ̀dọ̀ màlúù aláṣọ lọ kó tó rí i sọ!

Dárasími sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó di ìró ìyá àgbà rẹ̀ mú, ó béèrè nǹkan.

"Ó ní ṣé òótọ́ ni," ni Hope sọ. "Kí ni kí n—"

Màmá fọwọ́ dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú òun àti ti ọmọ náà fi ṣe déédéé.

"Jà," ló sọ. "Jà, jà, jà."

Dárasími gbọ́ ọ.