Lọ́kà Bàbá Patience

Kí n tó fojú kan Patience ni mo ti kórìíra ẹ̀. Obìnrin kan tó ń jó irin ní Makera ni, òun ló ń ṣe géètì àti wíńdò onírin. Orúkọ ẹ̀ ni ọkọ mi wá ń fi jẹun nílé.

Ọmọ mi Fatima pé oṣù mẹ́jọ, ó ti hu eyín méjì, ó sì ń rákòrò kiri. Wallahi, tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bàbá ẹ̀, Hámzàt, ló ń ṣọ́ oko adìẹ kan lójú ọ̀nà Kachia lálaalẹ́. Ìbọn ọdẹ tó jogún lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ló fi ń ṣọ́ ọ, ó sì ní láísẹ́ńsì. Tó bá dé láàárọ̀, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sùn. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo wọlé bá Fatima lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fa etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, tí bàbá ẹ̀ ń hanrun lókè. Mo ní tí ìbọn yìí ò bá ní ilé tó ní kọ́kọ́rọ́, èmi àti ọmọ mi ń lọ sílé ìyá mi ní Sabon Tasha.

A lọ wo sééfù lọ́jà. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí lára wuyì, ṣùgbọ́n ìbọn gùn jù wọ́n lọ. Àwọn tó gùn kì í ṣe ẹgbẹ́ àpò wa. Ni ẹnì kan bá júwe Patience, pé ó ní lọ́kà kan, àpótí irin gígùn tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri fi ń kó aṣọ iṣẹ́ sí nígbà tí ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Hámzàt lọ, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Kìkì ìròyìn ló kó dé. Patience ò bẹ̀rù iná, Patience ń gbé irin bí ọkùnrin. Èmi tí mo bímọ fún un, kò yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kó tó jáde, ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rírún lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi.

Lọ́jọ́ kejì mo pọn Fatima, mo lé tírò, mo wọ léèsì ìsọmọlórúkọ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Makera. Mo bá obìnrin kúkúrú kan tó wọ ṣòkòtò, àpá iná kún apá ẹ̀. Mo gbé imú sókè, mo ní ìyàwó Hámzàt ni mí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọkọ ẹ kó yéé wá síbí. Mi ò tà á.”

Ara mi wálẹ̀ díẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n àwọn ará Kabba. Bàbá ẹ̀ ló ni lọ́kà náà, ogún ọdún ló fi lò ó. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, bàbá rà á, ó rù ú wálé. Kò sówó ilé ìwé mọ́, bàbá bá mú Patience lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń jó irin. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní kò ní lo oṣù kan. Ọdún kẹtàdínlógún rèé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bàbá ti kú, aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà nínú lọ́kà.

Ǹ bá dìde lọ sílé tayọ̀tayọ̀, torí ó ti lé ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ìbọn ńkọ́? Mo bá sọ ọ̀rọ̀ Fatima àti bùláńkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó wo Fatima lẹ́yìn mi.

“Kí ló dé tí ọkọ ẹ ò sọ ìyẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jókòó síbí, ìbọn bàbá ẹ̀ nìkan ló ń ròyìn.”

“Ojú ń tì í ni, Àǹtí. Ó ń sùn nígbà tó ṣẹlẹ̀.”

Ó dìde, ó kó aṣọ bàbá ẹ̀ jáde, ó ká a, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé Fatima kẹ̀yìn sí iná. Ó jó àwọn ihò afẹ́fẹ́ pa, ó fi irin tó nípọn kún ilẹ̀kùn, ó lu ihò mẹ́rin sẹ́yìn tí a máa fi dè é mọ́ ògiri, ó gbé ojú kọ́kọ́rọ́ sókè pátápátá. Owó irin àti iná nìkan ló gbà. Ìlara tí mo gbé wá ò kúrò o, ó kàn yíjú sí ọwọ́ ẹ̀ ni. Ó wu èmi náà kí nǹkan kan wà tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe báyẹn.

Lọ́kà ti wà lára ògiri wa, ọta wà níbi tiẹ̀ lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn mi. Àǹtí Patience ní àwọn á máa yà wá wo lọ́kà bàbá àwọn. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, inú mi á dùn. Mo kàn ní ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, lẹ́yìn Magaribi, tí Bàbá Fatima bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́.