Èsì Ẹ̀yìn Ìwé

Mo rántí ìgbà tí òórùn tàdáà ìkọ̀wé kì í kúrò lọ́wọ́ mi, tó jẹ́ pé àfi kí n fi yanrìn ha ìka mi kí n tó lè bu òkèlè. Òyìnbó ò tíì pẹ́ tó dé Ìlọrin nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kéwú ni, wọ́n sì mú mi sí yàrá àwọn akọ̀wé nítòsí ààfin, níbi tí a ti ń fi Lárúbáwá kọ àṣẹ ìjọba ránṣẹ́ sí àwọn abúlé. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi débi pé tí mo bá dé ọjà Ìpàtá, ọwọ́ tó dúdú yẹn ni mo máa ń nà sí iṣu tí mo fẹ́ rà, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé akọ̀wé ni mí. Ọ̀dọ́ ni mí, ọgbọ́n ò tíì wọlé.

Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ náà a máa tán ènìyàn ní sùúrù. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wà lórí wa á jókòó, á sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Tápítà, ògbufọ̀ rẹ̀, á gbà á, á sọ ọ́ di Haúsá fún akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé àgbà á rò ó wò, á sọ ọ́ di Lárúbáwá, èmi á kọ ọ́, wọ́n á lẹ èdìdì mọ́ ọn, dógarì, ìyẹn ìránṣẹ́ ààfin, á gbé e gun ẹṣin. Tó bá dé abúlé, ẹni tó mọ kéwú níbẹ̀ á tún sọ ọ́ di Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó bá rin ìrìn báyẹn, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Kí sì ni ọ̀rọ̀ náà? Kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n gé koríko. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ òrùlé sójú ọ̀nà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni òfin kan tí òyìnbó yìí gbé kalẹ̀. Gbogbo ìwé tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà wá, pẹ̀lú èsì lẹ́yìn rẹ̀. Baálẹ̀ ibi tó lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tó ṣe sí ẹ̀yìn ìwé náà gan-an, kó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn, kó dá a padà. Tí ìwé ò bá padà, wọn ò ṣe nǹkan náà nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ogún ènìyàn wá búra. Àwa tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ojú lọ̀rọ̀ wà, báwo la ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé ojú rẹ̀ ò tó, ẹ̀yìn ìwé là ń wò?

Lọ́jọ́ tí akọ̀wé àgbà fi pẹ̀lẹ́ bi òyìnbó léèrè ìdí òfin yìí, ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ẹni tó fẹ́ pìtàn ilé baba rẹ̀. Ó ní nílùú àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì, láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn jagunjagun wọn ṣì ń wọ ẹ̀wù irin, bí ọba ṣe ń ṣèjọba nìyẹn. Àwọn akọ̀wé ọba á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣókí sórí awọ àgùntàn tí wọ́n fá, wọ́n á fi ìda lẹ èdìdì ọba mọ́ ọn, ẹlẹ́ṣin á gbé e lọ fún olórí àgbègbè. Olórí àgbègbè á kọ ohun tó ṣe sẹ́yìn rẹ̀, á dá a padà. Ó ní awọ wọ̀nyẹn wà nípamọ́ títí dòní, pé ènìyàn ṣì lè kà wọ́n. Ó tilẹ̀ fún wa ní ìda pupa tó ti ìlú rẹ̀ wá, kí àwa náà máa fi lẹ èdìdì. Akọ̀wé àgbà ní, "Tí olórí àgbègbè ò bá wá ṣe nǹkan kan ńkọ́?" Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín, tápítà sì sọ fún wa pé, "Ó ní wọn á kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ìwé náà pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé ń bọ̀ wá bá mi nílé.

Mo ní àfẹ́sọ́nà ní abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Oyì nígbà náà. A ti dá ọjọ́ yìgì, Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn ṣáájú Ààwẹ̀. Abúlé yìí ni ìwé lọ bá pé kí wọ́n ṣán ojú ọ̀nà wọn. Wọ́n ṣán an. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ wọn ń ṣàìsàn lórí ẹní, kò sí ẹni tó rántí ẹ̀yìn ìwé kankan. Nígbà tí dógarì wá béèrè èsì, àna mi ló dìde láàárín àwọn àgbẹ̀, tó ní, "Ẹ bọ́ sójú ọ̀nà kẹ́ ẹ wò ó! Àbí orí ìwé lẹ fẹ́ gbà kọjá ni?" Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n mú un wá sí Ìlọrin, wọ́n tì í mọ́ túbú, òyìnbó sì ní ibẹ̀ ni yóò wà títí èsì yóò fi dé. Baba tó yẹ kó jókòó fi ọmọ rẹ̀ fún mi! Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ebè rẹ̀ ń dúró dè é lóko, Ààwẹ̀ sì ń sún mọ́lé.

Ọmọ rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé láti gbé oúnjẹ fún un. Tó bá kọjá níwájú yàrá wa, kì í wò mí, nítorí lójú rẹ̀ èmi náà ni ìjọba. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ò wá lè kọ ọ̀kan tó máa tú bàbá mi sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo bẹ akọ̀wé àgbà, akọ̀wé àgbà bẹ tápítà, tápítà bẹ òyìnbó. Òyìnbó gbà pé kí á kọ ìwé mìíràn sí baálẹ̀: tí ọ̀nà bá ti mọ́, kó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, kó dá a padà, ọjọ́ tó bá dé ni àna mi yóò lọ sílé. Gbólóhùn méjì péré. Akọ̀wé àgbà ní kí n kọ ọ́ ní ṣókí kí dógarì tètè máa lọ. Èmi kẹ̀? Ìwé àna mi! Mo jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi pèrun Àìlà. Mo fi tàdáà pupa kọ Bìsìmílà gàdàgbà sókè, mo ṣe àsàlátù fún Ànábì, mo kọ àdúà àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn fún baálẹ̀, mo fa ìlà ọlọ́nà yí gbogbo rẹ̀ ká bíi ti ojú ewé àkọ́kọ́ Àlùkùránì. Àṣẹ ojú ọ̀nà gan-an há sí igun kan nísàlẹ̀. Mo gbé e sókè, mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Dógarì gbé e lọ. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fi lé wọn lọ́wọ́, òun ò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, abúlé mẹ́rin ṣì wà níwájú òun. A dúró. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ keje, kò sí ìwé. Ọjọ́bọ̀ yìgì ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo yá ẹṣin, mo forí lé ọ̀nà Òkè-Oyì, mo ń bínú sí baálẹ̀ bí ẹṣin ṣe ń rìn. Ohun tó tún wá dá kún ìbínú mi ni pé ọ̀nà náà mọ́. Wọ́n ti ṣán an débi pé ewúrẹ́ ò lè rí koríko já lẹ́bàá rẹ̀.

Mo bá baálẹ̀ lábẹ́ igi odán, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ iṣu sísun. Bó ti rí mi ló pariwo. "Áfáà wa, ẹ káàbọ̀! Alihamudulilahi! Ẹ wá wo ẹni tẹ́ ẹ wò sàn!"

Mo ní, "Bàbá, ìwé tá a fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Òun náà là ń wí! Mo mu ún láàárọ̀, mo mu ún lálẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, mo dìde."

Lèmọ́mù abúlé, baba arúgbó tójú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló wá là á yé mi. Ó ní bí òun ti rí Bìsìmílà pupa yẹn àti orúkọ Ànábì, omi bọ́ lójú òun. Látìgbà tí òun ti ń kírun níbẹ̀, irú tirà bẹ́ẹ̀ ò wọ abúlé náà rí. Ó dá òun lójú pé ààfin gbọ́ pé baálẹ̀ ń ṣàìsàn ni. Ìyókù tó wà nísàlẹ̀, ojú òun ò ká a. Wọ́n bá fọ̀ ọ́ sínú igbá gẹ́gẹ́ bí hàǹtú, omi tirà tí aláìsàn ń mu, wọ́n fi oyin sí i, baálẹ̀ mu ún, wọ́n sì fi èyí tó kù fún àwọn ọmọdé tó ní ibà.

Mo kígbe, "Àṣẹ ojú ọ̀nà ni, Bàbá! Àṣẹ ìjọba lẹ mu!"

Baálẹ̀ gbé iṣu rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ní ń fi irú ìwé yẹn sọ ọ̀rọ̀ koríko?"

Mo bínú sí lèmọ́mù, ojú rẹ̀ ló fọ́. Mo bínú sí dógarì, ó ń kánjú. Mo bínú sí òyìnbó àti àwọn baba rẹ̀ aláwọ àgùntàn. Nígbà tí mo kà wọ́n tán, ó ku èmi nìkan. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ká ní ẹlòmíràn ló kọ gbólóhùn méjì yẹn ní wúruwùru, àna mi ì bá ti wà lóko rẹ̀.

Baálẹ̀ ló rántí pé ìwé náà ò sọnù, wọ́n kàn sá a sóòrùn kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tí yóò fi awọ rán an. Wọ́n mú un jáde. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bíi òjìji pupa díẹ̀ lókè. Ìda òyìnbó nìkan ni omi ò ràn, èdìdì wà níbẹ̀ digbí. Mo yí i sẹ́yìn, mo mú kálámù, mo kọ ohun tí baálẹ̀ sọ: "Ọ̀nà ti mọ́." N kò fi nǹkan kan kún un. Baálẹ̀ tẹ àtàǹpàkò.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e fún tápítà. Ó yí i síwájú, kò rí nǹkan kan. Ó wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó gbé e fún òyìnbó láìsọ̀rọ̀. Òyìnbó yí i sẹ́yìn, ó ní kí tápítà ka ibẹ̀ fún òun, tápítà kà á, ó mi orí, ó gbé ìwé náà sórí àwọn yòókù nínú àpótí rẹ̀. Kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Àna mi jáde kí oòrùn tó kan àtàrí, a sì so yìgì lọ́jọ́ tí a dá.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará abúlé yẹn ti gbà pé hàǹtú ìwé mi ló wo baálẹ̀ sàn, tó sì tú àna mi sílẹ̀. Òyìnbó ní tirẹ̀ gbà pé òfin òun ló jẹ́ kí ọ̀nà mọ́. Inú gbogbo wọn dùn. Ìbínú náà kù sí mi nínú, n kò rí ẹni tí mo lè bá jà. Títí àna mi fi kú, bó bá ti di ọwọ́ mi mú, àdúà kan náà ni: "Ọwọ́ tó kọ ìwé yẹn kò ní gbọ̀n." Mo máa ń ṣe àmín. N kò sọ fún un rí pé ọwọ́ yẹn náà ló fi ọ̀sẹ̀ kan kún ọjọ́ rẹ̀ ní túbú. Ojú tì mí nígbà náà, ó ń tì mí títí dòní.

Ọjọ́ ogbó ti dé, ọwọ́ náà sì ti ń gbọ̀n. Tí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ wa, ọmọ bàbá yẹn, ìyá àgbà tó wà nílé mi, ló máa ń bá mi di ọrùn-ọwọ́ mi mú. Á ní, "Bàbá, ẹ kọ ọ́ ní ṣókí."