Ilé Ìwòsàn Tí A Kò Ti Ní Ẹni Kankan

Ọ̀nà ilé ìwé ni mo ti kọ́kọ́ fura. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àmínà, ọmọ mi, nígbà náà. A ò tíì rìn jìnnà sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó fi já ọwọ́ mi sílẹ̀, tó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé ó ń ṣọ̀lẹ ni, mo jágbe mọ́ ọn. Ìgbà tó gbójú sókè ni mo rí ètè rẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi yíǹkì kùn ún.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, ó fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara wo ọkàn rẹ̀. Ó ní ògiri kan ló pín ọkàn sí ọ̀tún àti òsì. Ihò wà lára ti Àmínà, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti lọ gba afẹ́fẹ́ sì tún fún. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gba afẹ́fẹ́ ló ń gba inú ihò náà kọjá, ìyẹn ló ń mú ètè dúdú. Bó ṣe ń lóṣòó yẹn, ara rẹ̀ ló ń wá ìrọ̀rùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ abẹ ló máa tán an, àmọ́ wọn kì í ṣe é lọ́dọ̀ dókítà yẹn, ó ní ká tètè wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Alhaja, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó tọ́ ọ dàgbà, kò béèrè ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà. Ohun tó béèrè ni pé, “Ta la ní níbẹ̀?” Bá a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ì báà jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba, ì báà jẹ́ yunifásítì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni wa. Ó mọ nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ayépé bíi tirẹ̀, ó ní ilé ìwòsàn tonítọ̀hún la máa lọ. Ọkọ mi ní ó ti parí. Èmi olùkọ́ tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù ní Òdogbolú, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, mà.

Oṣù márùn-ún la fi lọ, tá a fi bọ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. A kì í tò, ó ń fún Àmínà ní bisikíìtì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ní ká tún padà wá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ dákú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ara rẹ̀ ṣú. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, ó jí.  Mi ò dúró de nọ́ọ̀sì kankan, mo já wọlé tọ dókítà ibẹ̀ lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mélòó lẹ ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún níbí?”

Ó ní, “A ò tíì ṣe é rí, mà. Àwọn kan là ń retí láti òkè òkun. A ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dé.”

Oṣù márùn-ún gbáko! Kò sì sẹ́ni tó purọ́ fún wa. A ò béèrè ni. Dókítà yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà fún wa lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Ékòó tí wọ́n ti ń ṣe é léraléra.

Alhaja fárígá. Ó ní ṣé àwọn tí kò mọ̀ wá rí ni mo fẹ́ gbé ọmọ lé lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, mà,” mo ní. “Wọn ì báà má mọ̀ wá, kí wọ́n ṣáà mọ iṣẹ́ náà.”

Mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ.

L'Ékòó, a tò bíi gbogbo ayé. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n dá ọkàn rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ kan ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n dí ihò, wọ́n la ọ̀nà tó fún. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò lọ́fun rẹ̀, ó ń sunkún, ohùn ò jáde. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Tó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń gbé ọwọ́ lé àpá àyà rẹ̀, kí n gbọ́ bó ṣe ń lù, kí n sì sọ pé Alihamudulilahi. Ọkàn tó ní ihò yẹn, ó ń gbìyànjú ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, ó ń dúró dè wá. Alhaja ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Ara mi ni mi ò tíì lè dárí jì.