Àpótí Tí Kò Dúró De Ìka Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ohun èlò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, oníbàárà kan sùn lọ kí n tó rí ohun tó béèrè. Nígbà tó jí, omi ti fà sẹ́yìn, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti jókòó sórí ẹrẹ̀. Ó ní òun kò ní bú mi. Ó bú mi.

Kì í ṣe pé ọjà náà kò sí. Gbogbo orúkọ ọjà wa wà nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ibi tí a kó wọn sí. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, ṣe ni mo máa ń wọ́ wọn lọ sísàlẹ̀ títí ojú mi á fi ṣe bàìbàì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìka kan ni mo sì fi ń tẹ bọ́tìnnì.

Ọ̀gá mi kì í pariwo. Ó kàn sọ pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Òǹdó tó kàwé kọ̀ǹpútà. Tí àwọn èèyàn bá ṣì ń sùn síbí títí ìparí oṣù, màá ní kó wá gba iṣẹ́ yìí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." N kò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́.

Ọ̀gá mi ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ní Àkúrẹ́, ẹni tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà fún un. Ẹ̀rù omi ba Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé débi pé kò bọ́ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, nínú ṣọ́ọ̀bù wa tí a kọ́ sórí omi, nítorí ó ń rí omi láàárín àwọn pákó ilẹ̀. Ó fi àpótí funfun kékeré kan, tí a ó máa tẹ ohun tí a ń wá sí, sókè àwọn orúkọ ọjà lójú kọ̀ǹpútà.

"Bí o bá ti ń tẹ lẹ́tà," ó ní, "orúkọ tí kò bá a mu á máa kúrò fúnra rẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fìrì, orúkọ díẹ̀ ló kù. Èmi náà tẹ̀ ẹ́ lórí tiwa, tí iyọ̀ òkun ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tẹ lẹ́tà kan. Ó dákú. Mo dúró. Ó jí. Mo tẹ òmíràn. Ó tún dákú.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókòdá ti ń pèrò. Ó béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

Ìyá Rẹ̀bẹ́kà, ẹlẹ́ja láti Ayétòrò, ti jókòó tipẹ́ nítorí pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀? Ẹja mi ń rà nínú ọkọ̀, o ń purọ́ jẹ́jẹ́! Pè é padà. Àbí kí n bá ọ pè é? Tí èmi bá pè é, gbogbo etí omi ló máa gbọ́."

Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Mo sáré sẹ́nu ọ̀nà, mo kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, kò ṣiṣẹ́!" Awakọ̀ pàápàá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ó padà wọlé. "Tẹ̀ ẹ́, kí n wo ọwọ́ rẹ." Ó wò ó títí. Ó ní bí mo bá ti tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ náà ń wá gbogbo orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì dúró de àwọn lẹ́tà tó kù. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lágbára, ìdí nìyẹn tí òun kò fi rí i. Ó mú kó máa dúró kí ọwọ́ sinmi kó tó wá nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀, tó yára, ló fi wọn ìdúró náà. Kí ìka mi tó rí lẹ́tà tó kàn, ó tún ti dákú.

"Ṣé ìka kan yìí náà lo ní?"

"Mẹ́wàá ni, sà. Ọ̀kan ló mọ̀ ọ́n."

Ìyá Rẹ̀bẹ́kà rẹ́rìn-ín débi tí gèlè rẹ̀ fi tú. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé fi kún ìdúró náà. Mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà lé lẹ́tà, kò dákú. Mo gbé ìka sókè, àwọn orúkọ sì tú ká, ó ku pọ́lọ́ọ̀gì nìkan, pẹ̀lú ibi tó wà: pẹpẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo mú un wá.

"Ó mà yá o," Ìyá Rẹ̀bẹ́kà ní. "Mi ò tíì bú ọ tán."

Nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá mi fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa ṣí i láàárọ̀, kí òun lè máa lọ da àwọ̀n. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ràn ẹja ju ẹ́ńjìnnì lọ.