Lẹ́tà Tí Mo Kọ Kí Wọ́n Má Baà La Òkú Àbúrò Mi

Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn, torí èmi ni tíṣà nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin ṣubú nídìí ẹ̀rọ tó ń po kẹ́míkà láàárọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kudenda, nílẹ̀ Hausa, kò sì dìde mọ́. Ọlọ́pàá ní òfin sọ pé kí dókítà la òkú ẹni tó bá kú ikú òjijì wò, àfi bí ẹbí bá kọ̀wé sí adájọ́ pé àwọn ò fẹ́, tí adájọ́ sì gbà.

Bàbá wa ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. “Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi. Kọ ọ́ kíá, ká lè sin ín kí wọ́n tó kírun Alaasari.”

Mo kọ ọ́. Mo ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé a ò fura sí ẹnikẹ́ni. Irọ́ burúkú! Òórùn kẹ́míkà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Adájọ́ buwọ́ lù ú. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà gba ẹ̀dà kan, ó ní òun fẹ́ fi sínú fáìlì.

Kò pé oṣù mẹ́ta, ọmọkùnrin mìíràn kú nídìí ẹ̀rọ kan náà. Bàbá rẹ̀ wá bá mi nílé, ó ń fi Hausa bẹ̀ mí pé kí n bá òun kọ orúkọ ọmọ òun sínú ìwé tí ọ̀gá fún òun. Mo gbà á wò. Lẹ́tà mi ni. Wọ́n ti pa orúkọ àbúrò mi rẹ́, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ti ẹlòmíràn.