Ìpín Elétí-Gígé

Òórùn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe ariwo àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Èkó. Ọyẹ́ ti mú ní Ibafo, ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun. Òórùn ìtọ̀ ehoro gba ojú fèrèsé wọlé, ó ta mí nímú bí èéfín ata. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé nítòsí ehoro tí ẹnikẹ́ni kì í gbá abẹ́ rẹ̀ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yìn ògiri wa ni kéèjì wọn wà. Bọ̀dá Túnjí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ló rà wọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ẹni bá sin ehoro ti di olówó. Kò pẹ́ sígbà náà ló ríṣẹ́ sí Èkó. Ìdájí ló ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá kó tó wọlé. Ehoro kì í sì í ké bí ewúrẹ́ bí ebi bá ń pa á. Á kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Màámi ní gbólóhùn kan tó máa ń ṣáájú ìkíni rẹ̀: "Ṣé ó ti jẹun?" Bí wọ́n gbé ọmọ tuntun wá, bí ajá ẹlòmíràn ṣìnà wọ ilé wa, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn. Láàárọ̀ náà, ó lọ dúró de Bọ̀dá Túnjí lẹ́nu ọ̀nà.

"Túnjí, àwọn nǹkan wọ̀nyí, ṣé wọ́n ti jẹun?"

Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti báàgì léjìká. "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ̀ máa fi mí sílẹ̀ ni. Ẹ kó wọn, mà. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn."

Bí ehoro mẹ́fà ṣe di tiwa nìyẹn. Èékánná wọn ti gùn débi pé ó ń kọ́ wáyà, irun ìdí wọn ti lẹ̀ pọ̀. Abo kan wà láàárín wọn tó ní àwọ̀ eérú, tí etí òsì rẹ̀ ti ya dé ìdajì. Mo sọ ọ́ ní Elétí-Gígé. Màámi fi sísọ́ọ̀sì gé èékánná wọn. Èmi a máa já ewé ọ̀dùnkún bí mo bá ti ilé-ìwé dé, a ó sá a díẹ̀ kí omi ara rẹ̀ fà, kó má baà mú inú wọn wú. Elétí-Gígé kò kọ́kọ́ jẹ. Lọ́jọ́ tó gba ewé lọ́wọ́ mi, tí imú rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sáré yí gbogbo àgbàlá ká.

Àmọ́ ilé àyágbé la wà. Lánlọ́ọ̀dù wá, ó fi etí aṣọ bo imú. "Ìyá Bọ́sẹ̀, kí oṣù yìí tó parí, ẹ wá ibi tí ẹ máa kó àwọn àlejò yín yìí lọ."

Ìyá Gàníyù, tó ń ta ọṣẹ àti kánhún lójúlé kejì, ló kọ́kọ́ béèrè fún ọ̀kan. Màámi gbé akọ funfun kan fún un. "Gbà, mo fún ẹ." Ìyá Gàníyù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé abọ́ onídèérí wá, ó tún kúnlẹ̀. Màámi ṣí i: ọbẹ̀ ata ni, itan ehoro ló wà nínú rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ló hù. Ẹni tó fún ọ lẹ́ran, wàá bù fún un níbẹ̀.

Mo bú sẹ́kún. Ìyá Gàníyù wò mí, ó wo màámi. "Kí ló dé? Ṣé ata ti pọ̀ jù ni?"

"Ìyá Gàníyù, o pa á!" màámi ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Háà! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i, kó máa bá mi ṣọ́lé? Ẹ ní ẹ fún mi ni o. Ẹ ò sọ pé kí n sìn ín. Ká ní ẹ ní kí n sìn ín ni, ta ni mo jẹ́ tí màá fọwọ́ kan ẹran ẹlẹ́ran?"

Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá gbé ewúrẹ́ fún ọ sìn nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé e fún ọ ló ṣì ni ín. Ìwọ á máa bọ́ ọ. Bó bá bímọ, ẹ ó pín in. Kò sí bó o ṣe lè gbé e sórí iná láìjẹ́ pé ó mọ̀ sí i. Màámi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, Elétí-Gígé ló sì gbé dé.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. "Màámi, kì í ṣe eléyìí!"

"Gbà, Ìyá Gàníyù. Èyí, mi ò fún ẹ o. Sìn ín fún mi."

Ojoojúmọ́ ni mo ń yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí mo bá ti ilé-ìwé ń bọ̀. Tó bá ti rí mi lókèèrè, á pariwo pé: "Ọlọ́pàá ti dé! Wá wò ó, kò tíì di ọbẹ̀!" Báyìí náà la ṣe gbé àwọn yòókù jáde: méjì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi ní Ifo, ọ̀kan sí Mowe, ọ̀kan sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Asese. Gbogbo wọn ni màámi sọ fún pé kí wọ́n sìn ín fún òun.

Nígbà tí Elétí-Gígé sanra tán, wọ́n gbé akọ wá bá a láti Asese. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Ìyá Gàníyù gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ìpín yín rèé." Ọmọ ehoro méjì, etí wọn pé. Mo ń fò sókè. Màámi gbé ọwọ́ lérí. "Lánlọ́ọ̀dù ńkọ́?" Ó di ká tún máa wálé kiri fún wọn. Kí a tó rí i ṣe, awakọ̀ kan já apẹ̀rẹ̀ mìíràn sílẹ̀ láti Ifo. Títí mo fi dàgbà, ìpín kò tán nílé wa.

Lotto, ní Mowe, ni mò ń gbé báyìí. Màámi ti dolóògbé. Ògiri tó yí ilé wa ká ga, orí fóònù sì ni èmi àtàwọn aládùúgbò ti ń kíra. Nígbà tí ìdílé kan ní òpópónà wa kó lọ sókè òkun, tí wọ́n fi ehoro sílẹ̀ nínú kéèjì ẹlẹ́gbin, mo kó wọn, mo tọ́jú wọn, mo wá ń kan géètì kiri. "Mi ò fún yín o. Ẹ sìn ín fún mi ni." Àwọn ọmọdé òde òní fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n kan géètì mi. Obìnrin tó ń gbé ìkángun òpópónà wa, tó gba ehoro kan lọ́wọ́ mi, ni. Ó gbé páálí tí wọ́n dá ihò sí lára. Kò wọ ilé mi rí.

"Mọ́mì, ìpín yín rèé o."

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, inú apẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ẹni tó gbé e wá ni mo kọ́kọ́ wò.

"Wọlé," mo ní. "Ṣé o ti jẹun?"