Oko Tí Kò Sí Ènìyàn Nínú Rẹ̀

Bàbá mi kì í kọjá lẹ́bàá oko ẹnikẹ́ni láì kí i. Ní Ìlobì tí wọ́n ti bí mi, gbogbo wa la máa ń kí ẹni tó bá ń roko pé ó kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ìkíni ti bàbá mi wá ń gùn. Wọ́n á dúró, wọ́n á fọwọ́ ti igi, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ẹ̀gẹ́. Èmi tí mo máa ń ti ẹnu iṣẹ́ mi ní pólì Ìlaròó wá bá wọn lọ sóko ní Sátidé, inú á máa bí mi. Mi ò ní sùúrù, wọ́n sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kan a dé ẹ̀gbẹ́ oko kan, bàbá mi dúró, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí ẹnì kankan nínú oko náà. Ọwọ́ òsì wọn wà láyà, òógùn bo iwájú orí wọn ní òwúrọ̀ kùtù. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé wọ́n ń fi ìkíni sinmi ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, tí àwọn bá hú ẹ̀gẹ́ tán làwọn máa lọ sí ọsibítù. Mo gba àdá lọ́wọ́ wọn, mo tì í mọ́ inú bùùtù ọkọ̀ mi. Mo ní ibi tí àdá bá ń lọ ni kí wọ́n bá a lọ.

Ní Ìlaròó, dókítà bi wọ́n bóyá àyà máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń rìn.

"Rárá o. Ara le, a dúpẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ń fẹnu ara rẹ̀ ka àìsàn ń pè é wọlé ni. Dókítà ní ó jọ ọgbẹ́ inú, ó fẹ́ kọ oògùn fún wa. Mi ò dìde lórí àga. Mo sọ ti oko òfìfo yẹn fún un, mo ní àfi kí wọ́n ya àwòrán ọkàn bàbá mi. Ó wò mí títí, ó sì júwe wa sí Abẹ́òkúta.

Dókítà obìnrin tó gbà wá níbẹ̀ fi àwòrán hàn wá lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wò ó, òun ò rí nǹkan gidi. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n fi àwòrán ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ ló fi àmì pupa sí ibì kan, òun sì tún un wò, òótọ́ ni: ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti há.

Bàbá mi béèrè bóyá ẹ̀rọ náà bi àwọn ní ìbéèrè kankan. Dókítà ní rárá, àwòrán nìkan ló wò. Bàbá mi gbọ́wọ́ lé àyà.

"Ó ń dùn mí," ni wọ́n sọ. "Ó ti ń dùn mí tipẹ́."

Mo sunkún, inú sì tún bí mi.

Àwọn dókítà ti fi nǹkan la ibi tó há nínú iṣan náà, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń kọjá dáadáa. Ní Sátidé tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan tí oko wọn wà lójú ọ̀nà pè mí, ojú wọn le.

"Bàbá rẹ ò kí wa dáadáa mọ́. Wọ́n kàn ń kọjá lọ ni."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú. Nígbà tí mo fi máa dìde, bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oko.